Ife Kan Kì í Ṣe Ìwọ̀n Kan: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tí Ń Yan Kéèkì àti Búrẹ́dì Nílé

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ìlú wa sọ ní ìpàdé àpapọ̀ ọdọọdún ti ẹgbẹ́ wa, tí a tẹ̀ síhìn-ín nítorí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi.

 

Àwọn tí ó ṣáájú mi ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà, lórí omi àti lórí ilé ìwé. Ohun tí èmi fẹ́ sọ kéré ju ìwọ̀nyí lọ, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò kàn. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ìwọ̀n: bí a ṣe ń wọn fùláwà, ṣúgà, bọ́tà, omi àti iná nígbà tí a bá ń yan kéèkì tàbí búrẹ́dì nínú ilé, àti bí a ṣe lè ṣọ́ra kí a má ba à fi ìwọ̀n kan pe òmíràn.

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ létí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlú wa yìí. Ìgbéyàwó mélòó ni a ń ṣe tí a kì í gé kéèkì? Ọmọbìnrin wa mélòó, àti ọmọkùnrin pẹ̀lú, ni ó ń fi iṣẹ́ yìí gbọ́ bùkátà? Owó fùláwà, bọ́tà àti ẹyin kì í ṣe owó kékeré mọ́. Bí páànù kan bá bàjẹ́, kì í ṣe fùláwà nìkan ni ó ṣòfò. Owó tí a fi ṣòwò ṣòfò, iná ṣòfò, orúkọ ẹni tí a gbé iṣẹ́ fún sì bàjẹ́ pẹ̀lú, nítorí pé ọjọ́ ìgbéyàwó kì í dúró de kéèkì kejì.

ÌDÍ TÍ ÌWỌ̀N FI ṢE PÀTÀKÌ

Àwọn ìyá wa kì í gbé òṣùwọ̀n kí wọ́n tó ro ọkà, síbẹ̀ ọkà wọn kì í le jù, kì í sì í rọ̀ jù. Wọ́n á ní láti ojú ni a ti ń mọ ọkà tí yóò yó ni. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí ó ń ro ọkà ń fi ọwọ́ mọ bí ó ti ń ṣe: bí ó bá le, a bu omi sí i, bí ó bá rọ̀, a fi èlùbọ́ kún un. Ẹni tí ó ń se ọbẹ̀ a máa tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ kò bá tó, a fi kún un. Ọ̀nà àtúnṣe wà títí a ó fi sọ ìkòkò kalẹ̀.

Kéèkì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti ti ilẹ̀kùn ààrò, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Kò sí ẹni tí í ṣí ààrò lẹ́yìn ìdajì wákàtí kí ó tún wá fọ́ ẹyin kan sí i. Ohun gbogbo tí ó wà nínú páànù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Fùláwà àti ẹyin ni ó ń gbé kéèkì dúró. Ṣúgà àti bọ́tà ni ó ń mú un rọ̀. Páúdà tí a fi ń mú un wú ń tú afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Omi tàbí mílíìkì ń so gbogbo wọn pọ̀. Bí fùláwà bá pọ̀ jù, kéèkì a gbẹ, a sì le. Bí ṣúgà àti bọ́tà bá pọ̀ jù, àárín rẹ̀ a rì, ọ̀rá a sì máa sun jáde. Bí páúdà bá pọ̀ jù, a yára wú, a sì wó kí ó tó jiná. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ojú àti ahọ́n ń ṣe nínú ọbẹ̀, òṣùwọ̀n ni ó gbọ́dọ̀ ṣe é nínú kéèkì, kí a tó gbé e sí iná.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ni ìwọ̀n ń rú lójú. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1983, epo tán lójú ọ̀run nínú ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan, Boeing 767 ti ilé iṣẹ́ Air Canada. Ní àkókò náà ni ilẹ̀ Kánádà ń kúrò nínú ìwọ̀n àtijọ́ bọ́ sínú ìwọ̀n kílò. Epo kílò 22,300 ni ìrìn àjò náà ń fẹ́. Ṣùgbọ́n iye tí ó wà fún pọ́n-ùn ni a fi ṣe ìṣirò, nítorí náà epo tí ó wà nínú ọkọ̀ kò tó ìdajì ohun tí ó yẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ awakọ̀ tí ó jẹ́ kí ọkọ̀ náà rọra fò wálẹ̀ bí àwòdì sórí pápá kan ní Gimli. Kò sí ẹni tí ó kú. Ní ọdún 1999 ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ Mars Climate Orbiter tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà rán lọ sí ayé Mars ṣègbé, nítorí pé apá kan lo ìwọ̀n pọ́n-ùn nínú ìṣirò agbára, apá kejì sì gbà pé ìwọ̀n tuntun ni. Ìṣòro ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: a rí iye, a kò bèèrè orúkọ ìwọ̀n.

Ẹ̀yin ará mi, gbogbo ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju èyí lọ: iye tí kò ní orúkọ kì í ṣe ìwọ̀n. Bí ẹnì kan bá wí fún yín pé kí ẹ lo 8, ẹ bi í pé, "8 kí ni?" Bí ó bá sì ní ife ni, ẹ tún bi í pé, "Ife ta ni?"

BÍ ÌWỌ̀N MẸ́RIN ṢE PÀDÉ NÍNÚ ILÉ ÌDÁNÁ WA

Èkíní ni ìwọ̀n ọjà wa: kóńgò, agolo, àti èyí tí a ń bù lọ́wọ́. Ìwọ̀n yìí dára fún ọjà, nítorí pé kóńgò kan náà ni olùtà àti olùrà jọ ń wò. Ṣùgbọ́n kóńgò ọjà kan lè ju ti ọjà kejì lọ. Ẹlòmíràn a sì pa òkè lé e, ẹlòmíràn a gé e.

Èkejì ni pọ́n-ùn àti áúnsì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú wá. Àwọn ìyá tí ó kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ní ilé ìwé kí orílẹ̀-èdè wa tó gba òmìnira, àti ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pọ́n-ùn, áúnsì, píńtì àti iná Fahrenheit ni wọ́n kọ sínú ìwé wọn. Àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú àpótí àwọn kan nínú yín, ó sì yẹ kí a tọ́jú wọn. Pọ́n-ùn kan jẹ́ gírámù 454. Áúnsì kan jẹ́ gírámù 28 àti díẹ̀. Kéèkì tí a ń pè ní pound cake gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìwọ̀n yìí: fùláwà pọ́n-ùn kan, bọ́tà pọ́n-ùn kan, ṣúgà pọ́n-ùn kan, ẹyin pọ́n-ùn kan.

Ẹ̀kẹta ni kílò àti lítà. Ní àwọn ọdún 1970, ní ìgbà kan náà tí náírà rọ́pò owó pọ́n-ùn ní ọdún 1973, ni orílẹ̀-èdè wa gba ìwọ̀n yìí. Òun ni ó wà lára àpò fùláwà, lára bébà bọ́tà, àti lára ike omi tí a ń rà.

Ẹ̀kẹrin ni ife àti ṣíbí Amẹ́ríkà, tí ó ń wọlé tọ̀ wá lórí fóònù àti láti ọwọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Fannie Farmer, olùkọ́ ìdáná ní Boston, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1896, nínú èyí tí ó ti tẹnu mọ́ ọn pé kí a máa gé orí ife àti ṣíbí kí ó tẹ́jú, kí ọwọ́ gbogbo ènìyàn lè bára mu. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ife lásán ni ó ní kí wọ́n lò: ife tí a ti mọ iye tí ó gbà ni.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kò sí èyí tí ó burú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí ó burú ni kí a gbéra ní ọ̀nà kan, kí a sì yà sí òmíràn láìmọ̀.

IBI TÍ ÀṢÌṢE TI Ń WỌLÉ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ife. Ife ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà gba mílílítà 237. Ti Australia àti ti Kánádà òde òní gba 250. Ife inú ìwé ìdáná Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ jẹ́ ìdajì píńtì wọn, èyí tí í ṣe mílílítà 284. Bí ìwé bá ní kí a lo ife 3, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ju mílílítà 140 lọ, èyí sì ju ìdajì ife lọ. Píńtì pàápàá kò dọ́gba: ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mílílítà 568, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 473. Èmi kò tíì sọ ti ife ìmutíì tí a fi ń mu ọ̀gì, tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n rí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rántí pé àyè ni ife ń wọ̀n, kò wọn ìwúwo. Agbọ̀n òwú àti agbọ̀n òkúta lè jẹ́ agbọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rù wọ́n mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Ife Amẹ́ríkà kan tí ó kún fún bọ́tà jẹ́ gírámù 227. Ti ṣúgà jẹ́ 200. Ti fùláwà jẹ́ 120 tàbí 125, bí a bá rọra fi ṣíbí bù ú sínú ife tí a sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ife bọ inú àpò tí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè di 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ife 4, ẹni tí ó tẹ fùláwà mọ́lẹ̀ ti fi odindi ife kan kún un, kò sì mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi lè ka ìwé kan náà, kí wọ́n lo ife kan náà, kí kéèkì ọ̀kan rọ̀ bí tìmùtìmù, kí ti èkejì le bí bíríkì.

Áúnsì náà jẹ́ orúkọ kan fún ohun méjì. Áúnsì kan wà fún ìwúwo, òmíràn wà fún ohun tí ń ṣàn. Ife Amẹ́ríkà jẹ́ áúnsì 8 ti ohun tí ń ṣàn. Nígbà tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá ní fùláwà áúnsì 8, ìwúwo ni ó ń sọ, èyí tí í ṣe gírámù 227. Bí ẹnì kan bá wí pé, "Áúnsì 8 kì í ṣe ife kan ni?" tí ó sì bu ife fùláwà kan, gírámù 120 tàbí 125 ni yóò lò: díẹ̀ ni ó fi ju ìdajì lọ. Omi ni yóò rí nínú páànù, kì í ṣe kéèkì.

Ṣíbí wá kọ́. Ṣíbí kékeré ti ìwọ̀n jẹ́ mílílítà 5. Ṣíbí ńlá jẹ́ 15 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì òde òní àti ní Amẹ́ríkà. Ní Australia ó jẹ́ 20. Nínú ìwé, tsp ni ṣíbí kékeré, tbsp sì ni ṣíbí ńlá. Lẹ́tà b kan ṣoṣo ni ó là wọ́n láàárín, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́ta ni ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá fi ṣíbí ńlá bu sódà tí ó yẹ kí ó fi ṣíbí kékeré bù yóò gbé ohun tí ń ta ẹnu bí ọṣẹ síwájú àlejò.

Bọ́tà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà a máa ń gé bọ́tà ní ọ̀pá-ọ̀pá, wọ́n sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní stick. Gírámù 113 ni ọ̀pá kan, ìyẹn áúnsì 4. Ní ọ̀dọ̀ wa, bọ́tà tí a dì sínú bébà sábà máa ń jẹ́ gírámù 250. Ẹni tí ó bá ka stick kan sí bébà kan ti lo ju ìlọ́po méjì lọ.

Ẹyin pẹ̀lú: ẹyin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ńlá wúwo tó gírámù 63 sí 73 pẹ̀lú èèpo, èyí tí Amẹ́ríkà ń pè ní ńlá jẹ́ bí gírámù 57. Bí ẹyin wa bá kéré, ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n dípò kí a kà á.

Páànù náà ń fẹ́ àkíyèsí. Páànù róbótó oní-íǹṣì 8 jẹ́ sẹ̀ńtímítà 20. Oní-íǹṣì 9 jẹ́ 23. Íǹṣì kan péré ni, ṣùgbọ́n inú èkejì fi ohun tí ó ju ìdámẹ́rin lọ tóbi ju ti èkíní. Kéèkì tí a ṣe fún èkíní yóò tẹ́ pẹrẹsẹ nínú èkejì, yóò sì yára gbẹ.

Iná ni ó kẹ́yìn, òun sì ni ó burú jù. Iye 350 nínú ìwé Amẹ́ríkà jẹ́ ti Fahrenheit. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 180 ti Celsius, òun sì ni 4 lára ààrò oní-gáàsì ti Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ mẹ́ta fún iná kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá yí ààrò Fahrenheit sí 180 ti gbé kéèkì sínú iná tí kò ju 82 ti Celsius lọ. Omi kò lè hó nínú rẹ̀, kéèkì yóò sì ṣe lè jiná? Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀: ẹ yọ 32 kúrò nínú iye Fahrenheit, ẹ fi 5 sọ ìyókù di púpọ̀, ẹ sì fi 9 pín in. Bí ààrò bá ní fáànù nínú, ẹ dín 20 kù nínú iye Celsius tí ìwé sọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ń yí ká ń mú ooru ràn jù. Àwọn tí ó ń yan nínú ìkòkò oníyanrìn lórí èédú kò ní iye kankan tí wọn yóò wò. Kí wọ́n má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé aago nìkan. Kí wọ́n fi igi tín-ínrín kan gún àárín kéèkì, bí ó bá jáde láìní ohun tútù lára, ó ti jiná.

ÀPẸẸRẸ KAN

Kéèkì kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n ń fi 1, 2, 3, 4 rántí: bọ́tà ife 1, ṣúgà ife 2, fùláwà ife 3, ẹyin 4. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọmọ wa kan láti Amẹ́ríkà fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé báyìí: bọ́tà stick 2, ṣúgà ife 2, fùláwà ife 3, ẹyin 4, mílíìkì ife 1, páúdà ṣíbí kékeré 3, iná 350.

Ẹ̀gbọ́n mú ife ìmutíì tí ó gba mílílítà 300. Fùláwà rẹ̀ súnmọ́ ife Amẹ́ríkà 4 dípò 3. Ṣúgà rẹ̀ ju ife 2 àti ààbọ̀ lọ. Ó tú bébà bọ́tà 2, ó di gírámù 500 dípò 227. Ẹyin kò yí padà, 4 náà ni. Ó wo ààrò rẹ̀, kò rí 350, nítorí pé 250 ti Celsius ni ó pin sí. Ó bá yí i dé òpin. Láìpẹ́, òkè kéèkì dúdú, inú rẹ̀ tutù, bọ́tà ń sun sí ìdí páànù. Ẹ̀gbọ́n yóò wí pé àbúrò fi ohun kan pamọ́ fún òun. Àbúrò yóò ní ẹ̀gbọ́n kò fara balẹ̀. Àìgbọ́fá ni à ń wòkè. Ifá kan kò sí ní párá. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ìwọ̀n wọn ni kò gbọ́ èdè ara wọn.

Bí àbúrò bá ti kọ ọ́ báyìí ni, ìjà kì bá tí wáyé: bọ́tà gírámù 227, ṣúgà gírámù 400, fùláwà gírámù 360, ẹyin 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí gírámù 57 pẹ̀lú èèpo, mílíìkì mílílítà 237, páúdà ṣíbí kékeré 3 tí a gé orí rẹ̀, mílílítà 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, iná 180 ti Celsius.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èkíní, ẹ ka ìwé náà dé òpin kí ẹ tó dáná, kí ẹ sì mọ ìlú tí ó ti wá. Bí ẹ bá rí ife, stick àti Fahrenheit, Amẹ́ríkà ni. Bí ẹ bá rí gírámù àti iye ààrò oní-gáàsì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí ẹ bá rí pọ́n-ùn àti áúnsì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìwé àtijọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì.

Èkejì, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà sí ìwọ̀n kan ṣoṣo, ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ tó fọ́ ẹyin àkọ́kọ́. Kí a má ṣe yí apá kan kí a fi apá kan sílẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó jẹ́ gírámù, nítorí pé gírámù kò yí padà láti ìlú dé ìlú.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó ra òṣùwọ̀n kékeré ti ilé ìdáná. Owó rẹ̀ kò ní í pẹ́ padà, nítorí kéèkì tí kò ní í bàjẹ́. Kí ó gbé abọ́ òfìfo lé e, kí ó dá a padà sí òdo, kí ó tó bu fùláwà. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń lo bátìrì, kí ó wo ojú rẹ̀ dáradára: bọ́tìnì kan wà tí ń yí gírámù di áúnsì, ọwọ́ ọmọdé a sì máa tẹ̀ ẹ́. Láti yẹ òṣùwọ̀n wò, omi lítà ààbọ̀, tí a bá yọ ìwúwo abọ́ kúrò, yẹ kí ó jẹ́ gírámù 500. Ṣùgbọ́n fún ohun kékeré bí páúdà àti iyọ̀, ṣíbí ìwọ̀n ni kí a lò, nítorí pé òṣùwọ̀n ilé kì í mọ ohun tí ó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ dáradára.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kí ó mọ ife rẹ̀. Kí ó ra omi inú ike tí ó jẹ́ sẹ̀ńtílítà 50, èyí tí í ṣe mílílítà 500. Bí ó bá kún ife náà lẹ́ẹ̀mejì gééré láìṣẹ́kù, ife náà jẹ́ mílílítà 250. Bí ó bá ṣẹ́ ku nǹkan bí ṣíbí ńlá 2, ife Amẹ́ríkà ni. Kí ó fi ọ̀dà sàmì sí ìdí rẹ̀, kí ó sì fi ife náà pamọ́ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ife kan náà ni kí ó fi wọn ohun gbogbo tí ìwé ní kí a fi ife wọ̀n, kí wọ́n lè bára mu. Síbẹ̀ kí ó rántí pé ẹyin kì í tẹ̀lé ife: bí ife bá tóbi ju ti ìwé, ẹyin kò ní í tó.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe fi agolo ṣe òṣùwọ̀n ní tìtorí iye tí a kọ sára rẹ̀. Gírámù tí a kọ sára agolo jẹ́ ìwúwo ohun tí a dì sínú rẹ̀. Kì í ṣe iye fùláwà tí yóò gbà.

Ẹ̀kẹfà, ìwé kan ni kí ilé kọ̀ọ̀kan ní. Bí kéèkì bá dára, kí a kọ bí a ti wọ̀n ọ́n, bí páànù ti tóbi tó, iye iná àti iye ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wí fún wọn pé kí wọ́n máa fojú díwọ̀n. Ojú yín ti gbọ́n láti ọdún pípẹ́. Ti ọmọ ẹ̀kọ́ kò tíì gbọ́n. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ILÉ ÀTI Ẹ̀YÌN ODI

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, tí mo fẹ́ kí àwọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti ní ibòmíràn gbọ́ pẹ̀lú. Kì í ṣe láti òkè òkun wá sílé nìkan ni ìwọ̀n ń rìn. Ó ń ti ilé lọ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ yín lọ́hùn-ún ń fẹ́ jẹ ṣinṣín àti míìtì páì bí ti ìyá-ìyá wọn. Ẹ̀yin a sì tẹ ìyá láago, ìyá a ní, "Bu fùláwà kóńgò kan, bọ́tà tí ó mọ níwọ̀n, àti omi díẹ̀díẹ̀." Ibo ni ẹ ó ti rí kóńgò ọjà wa ní Lọ́ńdọ̀nù? Ìyá kò fi nǹkan pamọ́. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ni ẹnu rẹ̀ kò lè sọ. Bí ọwọ́ náà bá sì sinmi lọ́jọ́ kan, ìmọ̀ náà sinmi pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ bá wálé fún ọdún: ẹ má ṣe jẹun nìkan kí ẹ sì padà. Ẹ gbé òṣùwọ̀n síwájú ìyá. Ẹ jẹ́ kí ó bu kóńgò tirẹ̀ bí ó ti máa ń bù ú, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ó bu bọ́tà bí ojú rẹ̀ ti rí i, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ wọn omi kí ó tó dà á, kí ẹ sì tún wọn èyí tí ó kù, kí ẹ lè mọ iye tí ó lò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gírámù, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwé kéèkì ránṣẹ́ sílé máa kọ orúkọ ìwọ̀n sí iwájú iye gbogbo. Kò gba àkókò púpọ̀, ó sì lè gba ọmọ ìlú ẹni lọ́wọ́ gbèsè.

Mo tún fi àbá kan síwájú alága àti ìgbìmọ̀: kí ẹgbẹ́ wa ra òṣùwọ̀n kan tí ó dájú, pẹ̀lú ife àti ṣíbí ìwọ̀n, kí a fi wọ́n sí gbọ̀ngàn ìlú, kí ẹnikẹ́ni tí ó ń ta kéèkì tàbí búrẹ́dì lè máa gbé tirẹ̀ wá láti fi wé e. Kì í ṣe ohun tí owó rẹ̀ yóò wúwo fún wa, àwọn ọ̀dọ́ wa yóò sì rí àǹfààní rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹ má ṣe gba iye láìgba orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe da ìwọ̀n méjì pọ̀ nínú abọ́ kan. Ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó dáná.  Kí ìlú wa máa gòkè, kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi máa bọ̀ wá bá wa láyọ̀, kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa má sì ṣòfò.